Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ fááfù ọkàn màmá mi: kí ni ká máa retí?

ỌmọAládìrẹ · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí láì dá sí i, ṣùgbọ́n èyí tó dé bá wa yìí kọjá kí n dákẹ́.

Màmá mi ni. Ẹni ọdún 53 ni wọ́n, ìsọ̀ àdìrẹ wọn wà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí èémí wọn ti ń kúrú. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré: tí wọ́n bá ru ẹrù aṣọ láti ìsàlẹ̀ ọjà dé ẹ̀bá títì, wọ́n á dúró lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dé. Nígbà tó yá, wọn ò lè dùbúlẹ̀ gbalaja sùn mọ́, àfi kí wọ́n to ìrọ̀rí mẹ́ta léra wọn. Ẹsẹ̀ wá ń wú. A ní ikọ́ ni, a ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àwọn kan ní ayé ló ń bá wọn jà. Ìgbà tí wọ́n ṣe ẹ́kò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọkàn, fún wọn ní ilé ìwòsàn Ìdí-Aba la tó rí i lójú ẹ̀rọ: fááfù kan, bí ilẹ̀kùn kékeré inú ọkàn, tí wọ́n ń pè ní mitral ti le gbagidi, kò ṣí tán, kò sì pa dé. Dókítà bi wọ́n bóyá ọ̀fun máa ń dùn wọ́n nígbà èwe, tí oríkèé ara á sì máa wú. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Àṣé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní oògùn ò lè tún un ṣe mọ́, pípààrọ̀ ló kù. Èkó la máa lọ, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń yọ ọkàn sínú abọ́ kí wọ́n tó tún un ṣe? Àǹtí mi kan ló sọ bẹ́ẹ̀ lójú màmá mi, wọn ò sì sùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún? Ìgbà wo ni wọ́n lè padà sí ìsọ̀?

MẹkáníìkìLáfẹnwá · 10:03 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Bá mi kí màmá. Èmi tí mò ń tẹ èyí, irin ló wà ní ipò mitral tèmi láti 2018, mo sì wà lábẹ́ mọ́tò lónìí.

Sọ fún àǹtí yẹn kí wọ́n sinmi. Kò sẹ́ni tó ń yọ ọkàn sínú abọ́. Ibi tó wà náà ni wọ́n ti ń ṣí i. Wọ́n á la eegun àárín àyà, wọ́n á darí ẹ̀jẹ̀ gba inú ẹ̀rọ kan tó máa bá ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á wá fi oògùn dá ọkàn dúró. Ta ló lè tú ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń yí? Wọ́n á gé èyí tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n á rán tuntun sí i, ọkàn á sì tún gbéra. Tèmi gba bíi wákàtí márùn-ún. Fááfù mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, iṣẹ́ kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn ń ṣe: kí ẹ̀jẹ̀ lọ síwájú, kó má padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti tú pọ́ǹpù omi rí ti mọ̀ ọ́n. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ tuntun. 1960 ni dókítà Albert Starr ní Amẹ́ríkà ti fi fááfù oníbọ́ọ̀lù sí ipò mitral nínú ọkàn èèyàn, wọ́n sì ti ń ṣí ọkàn ní Enugu, ní Nàìjíríà níbí, láti 1974.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni màá sọ fún ọ. Nígbà tí màmá bá jí, rọ́bà á wà lẹ́nu wọn tó wọ ọ̀nà ọ̀fun lọ, wọn ò ní lè sọ̀rọ̀. Wọ́n tiẹ̀ lè so ọwọ́ wọn mọ́ bẹ́ẹ̀dì wẹ́rẹ́ kí wọ́n má baà fà á yọ. Ẹ ti bá wọn ṣe àdéhùn láti ilé: kí wọ́n tẹ̀ yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀mejì fún rárá. Rọ́bà mìíràn á ti ìsàlẹ̀ àyà jáde tó ń fa ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ kù síta, òmíràn sì wà fún ìtọ̀. Má jáyà tó o bá rí wọn. Ní tèmi, òùngbẹ ló fẹ́ pa mí. Wọn ò tíì gbà kí n mumi, nọ́ọ̀sì kàn ń fi òwú tútù nu ètè mi. Ká ní ẹnì kan gbé piọ wọ́tà kan wá lóru ọjọ́ náà, ìdajì ṣọ́ọ̀bù mi ni ǹ bá fún un.

ÀṣàkẹAké · 10:41 alẹ́

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin yìí, ọ̀dọ̀ mi ló sì sùn sí fún oṣù méjì, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ibi tó rántí ló ń sọ. Ọjọ́ kejì ní ICU, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń ṣọ́ aláìsàn lójú méjèèjì, ó ń pe àwọn oníbàárà lórúkọ, ó ní kí n gbé sípánà 14 wá, pé Peugeot kan ń dúró. Mo sunkún débi pé nọ́ọ̀sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní orí àwọn mìíràn máa ń dàrú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí. Lọ́jọ́ kẹta, ó bi mí pé kí ni mo jẹ láàárọ̀. Tó bá ṣe màmá yín bẹ́ẹ̀, ẹ máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọjọ́ tí òní jẹ́ fún wọn, ẹ sì bá wọn mú gíláàsì ojú wọn dání.

Ọjọ́ méjì ló lò ní ICU, ọjọ́ méje ní wọ́ọ̀dù. Ilé gan-an ni iṣẹ́ wà.

Wáyà ni wọ́n fi ń di eegun àyà yẹn pa dà, ó sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá kó tó so pọ̀. Wọ́n ní kó má gbé ohun tó bá ju kílò márùn-ún lọ. Kẹ́ẹ̀gì omi kò sí níbẹ̀, ìkòkò aró kò sí níbẹ̀, ọmọ-ọmọ tó ń sunkún pé kí wọ́n gbé òun kò sí níbẹ̀. Kí wọ́n má fi ọwọ́ ti ara wọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì: kí wọ́n yí sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, kí ara tẹ̀lé e. Ẹ rán ìrọ̀rí kékeré kan fún wọn. Tí ikọ́ bá ti ń bọ̀, tàbí wọ́n fẹ́ sín, kí wọ́n gbá a mọ́ àyà gírígírí. Àdìrẹ ni mo fi rán tiwa, ó ṣì wà lórí àga mi di òní.

Oúnjẹ ò ní dùn lẹ́nu wọn níbẹ̀rẹ̀. Láfún tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn ju ẹ̀mí lọ, ó ní ó ń run. Díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ni mo ń fún un. Ìgbẹ́ náà ò ní tètè jáde, ẹ béèrè oògùn rẹ̀ kí wọ́n tó máa gìn.

Ẹ dín àlejò kù. Mo mọ̀ pé a kì í lé èèyàn nílé Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo ka èèyàn 31 ní pálọ̀ mi, gbogbo wọn ló fẹ́ rí ojú ọgbẹ́, òun náà sì ń dìde kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti gbé àga sí ẹnu géètì, èmi ni mo ń gba ìkíni.

Ọ̀kan tó kù. Ọjọ́ kẹwàá tó délé ló bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń wo ògiri, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

MẹkáníìkìLáfẹnwá · 10:50 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀kún yẹn kò pọndandan kí ẹ sọ.

ÀṣàkẹAké · 10:52 alẹ́

Ó pọndandan.

Nọ́ọ̀sìỌbáńtókò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ó pọndandan lóòótọ́, bọ̀dá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn, ó sì máa ń fúyẹ́ fúnra rẹ̀. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí wọn ò jẹun tí wọn ò sùn, ẹ sọ fún dókítà. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

ỌmọAládìrẹ, nǹkan méjì kí ẹ tó lọ. Ẹ mú màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín ní kíákíá. Eyín jíjẹrà ni kòkòrò máa ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ jókòó sórí fááfù tuntun, ẹ kì í fẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó máa fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ báyìí, ẹ má dúró di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá oníṣẹ́ abẹ jókòó sọ irú fááfù tí wọ́n fẹ́. Irin máa ń pẹ́, ó lè bá èèyàn dé sàréè, àmọ́ títí ayé ni èèyàn á máa lo Wáfárínì kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lára, torí tí ẹ̀jẹ̀ tó dì bá já lọ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Èyí tí wọ́n fi ara ẹran ṣe, oṣù mélòó kan ni wọ́n sábà máa ń lo Wáfárínì lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gbó, bíi ọdún 10 sí 15, ó sì tètè ń gbó lára ẹni tí kò tíì dàgbà. Ẹni ọdún 53, ọ̀pọ̀ dókítà á kọ́kọ́ dárúkọ irin, àyàfi tí ìdí kan bá wà.

AlhajaKútọ̀ · 7:45 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, irú ẹran wo? Mo gbọ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sìỌbáńtókò · 8:02 àárọ̀

Alhaja, ẹlẹ́dẹ̀ wà, màlúù náà wà. Awọ tó bo ọkàn màlúù ni wọ́n fi ń ṣe ti màlúù. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ abẹ ṣáájú, wọ́n á wá èyí tó bá yín lára mu. Àwọn ààfáà kan ní tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ bi tiyín. Kí ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

BàbáEléwéAdìgbẹ · 9:30 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, gbogbo nǹkan ni ẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ gé. Mo ní àgbo tó máa yọ́ ohun tó le yẹn láàárín ogójì ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó wá sí ilé mi.

MẹkáníìkìLáfẹnwá · 9:41 àárọ̀

Bàbá, ẹ kúuṣẹ́. Mo ti mu àgbo yín, kì í ṣe lọ́dọ̀ yín ni mo ti rà á, ṣùgbọ́n àgbo ni. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi mu ún. Ìgbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, mi ò lè rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìtọ̀. Fááfù tó ti le bí egungun, omi ewé ò lè rọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sìỌbáńtókò · 9:55 àárọ̀

Kí n fi kún un, bàbá, ẹ má bínú. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ gan-an ni àgbo tún léwu jù, torí òmíràn ń mú kí Wáfárínì lágbára jù, òmíràn ń pa agbára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú ìgò.

ỌmọAládìrẹ · 1:15 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka ti abọ́ yẹn sí màmá mi létí, wọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n ní irin làwọn fẹ́, pé àwọn ò lè la àyà lẹ́ẹ̀mejì. Wáfárínì yìí ló kù tó ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní wọn ò ní jẹ ẹ̀fọ́ mọ́ láyé?

MẹkáníìkìLáfẹnwá · 8:30 alẹ́

Ibi tí mo ti ń dúró dè ọ́ nìyẹn. Ọmọ mi, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kọ́ ni iṣẹ́. Oorun lo máa sùn lọ́jọ́ yẹn, ẹlòmíràn ló ń làágùn. INR ni iṣẹ́.

INR ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì. Ẹni tí kò lo oògùn, bíi 1 ni tirẹ̀. Ẹni tó ní irin ní ipò mitral bíi tèmi, àárín 2.5 sí 3.5 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Tó bá lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí fááfù. Tó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń ṣe é, ó wá di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó di oṣooṣù báyìí. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ọ́ sí, ọ̀rá ni mo fi wé e torí epo mọ́tò. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mò ń lo oògùn. Tí mo bá gbàgbé, mi ò ní lo méjì lọ́jọ́ kejì láti fi dí i.

Ẹ̀fọ́: jẹ ẹ́ o! Fítámì K inú ẹ̀fọ́ ló ń bá oògùn yẹn jà. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni màmá ń jẹ ẹ̀fọ́, kó máa jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, dókítà á wọn oògùn mọ́ ọn. Ohun tí kò dáa ni kí wọ́n ṣíwọ́ fún oṣù kan, kí wọ́n wá jẹ ìkòkò ṣọkọ kan tán lọ́jọ́ ìyàwó.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó fẹ́ pa mí. Ní 2020, inú ń run mí, mo wọ kẹ́mísìtì kan ládùúgbò, ọmọkùnrin ibẹ̀ fún mi ní Flagyl ọjọ́ méje. Kò bi mí ní nǹkan kan, èmi náà ò sọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo ń fọ ẹnu láàárọ̀, itọ́ tí mo tu sílẹ̀ pupa. Mo rò pé búrọ́ọ̀ṣì ló gé mi. Ọ̀sán, mo rí i pé ìtọ̀ mi dà bíi zobo. INR tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà lé ní 7. Láti ìgbà yẹn, kí n tó dá a lóhùn pé kí ló ń ṣe mí, "mò ń lo Wáfárínì" ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn fún mi.

Nọ́ọ̀sìỌbáńtókò · 9:10 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni Flagyl ń ṣe, Septrin náà ń ṣe é, àwọn oògùn kòkòrò awọ ara kan tún ń ṣe é. Ibuprofen àti diclofenac tí à ń rà bíi gúgúrú, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Paracetamol ni fún ìrora, ní ìwọ̀n tí dókítà bá sọ. Kí wọ́n má gba abẹ́rẹ́ ìdí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń lo Wáfárínì. Tí wọ́n bá ṣubú, tí orí sì gbá nǹkan, ilé ìwòsàn ni, bí ẹ ò tiẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀.

Ibà ńkọ́? Èyí ló ń dùn mí jù, torí gbogbo ibà la ń pè ní màlíríà. Ẹni tó ní fááfù àtọwọ́dá, tí ara rẹ̀ ń gbóná, kó wá kí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wá kòkòrò inú rẹ̀ KÍ Ó TÓ lo oògùn apakòkòrò kankan. Tó bá ti lò ó láti ilé, kòkòrò á sápamọ́ fún wa, fááfù á sì máa bàjẹ́ lọ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ yọ eyín tàbí fọ̀ ọ́, wọ́n á lo oògùn apakòkòrò ṣáájú.

Ẹlẹ́gàKékeré · 9:48 alẹ́

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú pé mo já sí i. Ẹni ọdún 27 ni mí, irin ni tèmi náà, ó ti tó ọdún méjì. Mo fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lọ́dún yìí. Ṣé mo lè bímọ?

Nọ́ọ̀sìỌbáńtókò · 10:05 alẹ́

Àwọn kan ti bí i, àbúrò, ṣùgbọ́n oyún náà léwu ju ti ẹlòmíràn lọ, Wáfárínì sì lè ṣe ọmọ inú léṣe, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí oyún tó dé ni kí ẹ ti rí dókítà ọkàn àti dókítà aboyún papọ̀. Ẹ má dá Wáfárínì dúró fúnra yín o, ìyẹn lè pa yín. Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, ká jọ sọ ọ́.

ỌmọAládìrẹ · ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, 11:20 alẹ́

Wọ́n ti ṣe é. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n wọlé, aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni oníṣẹ́ abẹ jáde sí wa. Ó ní fááfù àtijọ́ náà le bíi èèpo ìgbín. Wọ́n jẹ́ kí n wọlé fún ìṣẹ́jú márùn-ún lálẹ́. Rọ́bà lẹ́nu, ojú wú, ara tutù. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní, "Màmá, ṣé ó ń dùn yín?" Wọ́n tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì.

MẹkáníìkìLáfẹnwá · 11:24 alẹ́

Ọlọ́run ṣeun o. Irọ́ ni wọ́n pa, ó ń dùn wọ́n. Sọ fún nọ́ọ̀sì.

ỌmọAládìrẹ · ọjọ́ kẹwàá

A ti délé. Lọ́jọ́ kẹta, ọkàn wọn ń lù ségesège, ọkàn tèmi náà fò lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, oògùn ni wọ́n fún wọn, ó sì rọlẹ̀. Ojú irin la gbà láti Èkó dé Ládérìn, torí ihò tó wà lójú títì yẹn, eegun wo ló fẹ́ gbà á? Ìrọ̀rí wà láyà wọn títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ̀n ara wọn ni mò ń kọ sílẹ̀ láràárọ̀ bí wọ́n ṣe sọ: tó bá fi kílò méjì ga láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, omi ló ń padà, ká pè wọ́n. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí ilẹ̀ tó tẹ́jú ní Abẹ́òkúta, pálọ̀ la ti ń yípo.

ỌmọAládìrẹ · ọ̀sẹ̀ keje

Wọ́n dé ìsọ̀ lánàá. Ìjókòó nìkan ni o, wákàtí méjì, èmi ni mò ń tú aṣọ. Ìrọ̀rí kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń sùn báyìí. Tí iná bá lọ lóru, tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò náà sì dákẹ́, mo ń gbọ́ fááfù yẹn láti ẹnu ilẹ̀kùn: tíkì, tíkì, tíkì. Mo bi wọ́n bóyá kì í dí wọn lóorun. Wọ́n ní rárá, pé ó ń bá àwọn ka owó ọjà.

MẹkáníìkìLáfẹnwá

Tó bá dákẹ́ lójijì tàbí tí ìró rẹ̀ yí padà, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìwọ náà mọ̀. INR ńkọ́?

ỌmọAládìrẹ

2.9. Ọjọ́rú la tún ń lọ.

ÀṣàkẹAké

Ẹ sọ fún màmá pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ọ̀pá márùn-ún ni mo fẹ́. Kí wọ́n jókòó o. Ìwọ ni kó o gbé e wá fún mi.